Ọ̀gá Tí Ó Yọ Èèyàn Kúrò Nínú Ìṣirò

Dúró níbẹ̀ ná! Ìwọ tí o fẹ́ máa ṣí ìwé yìí wéréwéré lọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, mo ní kí o dúró. Dojú fóònù yẹn délẹ̀. Jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ńlá kan ni mo fẹ́ sọ, àwọn ọkùnrin ńlá kì í sì í fẹ́ kí a fi etí kan gbọ́ tiwọn. Etí méjèèjì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á tún gba ọwọ́ méjèèjì kí a lè fi pàtẹ́wọ́ fún wọn, bí àyè bá sì gbà wọ́n, wọ́n á gba orúnkún méjèèjì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ni orúnkún ń wò wọ́n láti òkè ọ̀run.

Ọkùnrin yìí ni Olùdarí Àgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí bátìrì ọkọ̀ oníná. O mọ ọkọ̀ oníná, àwọn ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí kì í tú èéfín, tí wọ́n á kàn fa wáyà sí lára bí ẹni ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó bá yó, ó di kó máa lọ. Iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run fi lé ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì kárí ayé, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà wọ́n, wíwà wọn sì ń ba odò jẹ́, ó ń ba oko jẹ́, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń wà wọ́n jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ilé iṣẹ́ yìí wá bátìrì tí a lè fi iyọ̀ àti irin ṣe: iyọ̀ tí Ẹlẹ́dàá dà sínú òkun láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti irin tí ó kún inú ilẹ̀. Kí bátìrì náà pẹ́, kí a sì lè tún nǹkan inú rẹ̀ lò bí ó bá gbó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọn kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan iyọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ń kọ́ bátìrì náà ná. Wọ́n á sọ fún kọ̀ǹpútà bí iyọ̀ ti rí, bí irin ti rí, bí ọkọ̀ ti wúwo tó, bí oòrùn ti ń mú tó, bí ọ̀nà ti ga tó, àti àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á wá fa ìlà kan sójú rẹ̀, ìlà tó ń fi hàn bí agbára bátìrì náà yóò ṣe máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe kékeré rẹ̀ ní ti gidi, wọ́n á tì í sínú àpótí ooru ní yàrá ìdánwò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni kọ̀ǹpútà sọ. Ohun tí o bá kó sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ni yóò fi dá ọ lóhùn. Kì í ṣe ojúsàájú. Kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ọ̀gá.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Olùdarí yìí ti fún ara rẹ̀ ní orúkọ mìíràn: Baba Ìmọ́lẹ̀, Orísun Agbára Tí Kì í Tán. Ní àràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan kọ̀ǹpútà kí òun tó wọlé. Gbogbo òṣìṣẹ́ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ tí kò tíì tàn, wọ́n á máa retí rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ni yóò ṣáájú. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà, nítorí pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá sín, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni yóò sọ. Akọ̀wé á kígbe:

"Ìmọ́lẹ̀ ti dé!"

Gbogbo wọn á dáhùn pé, "Òkùnkùn ti lọ!" Wọ́n á wá tan iná, ì báà jẹ́ pé oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé ṣáájú Baba Ìmọ́lẹ̀. Nígbà kan tí ó rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe báwo? Ńṣe ni Akọ̀wé gbé fọ́tò rẹ̀ kiri láti yàrá dé yàrá, tí ó ń gbé e wọlé, tí ó sì ń kígbe, kí àwọn èèyàn tó lè tan ẹ̀rọ wọn. Má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kàwé yanjú ló ń kí fọ́tò káàárọ̀ yẹn.

Yàrá ìdánwò ńkọ́? Baba Ìmọ́lẹ̀ ti tì í pa. Ó ní kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀ tán, kí la tún ń fọwọ́ kan nǹkan fún, bí aláìnígbàgbọ́? Ó kó àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ síbẹ̀. Inú àpótí ooru tí wọ́n fi ń dán bátìrì wò ni ó tò wọ́n sí, ó sì ní kí wọ́n máa tan ooru náà díẹ̀díẹ̀, kí òtútù má baà mú wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Baba Ìmọ́lẹ̀ dúró lẹ́yìn àga obìnrin kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Oníṣirò. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ́ bátìrì sínú kọ̀ǹpútà, obìnrin tí ó ti ń lọ́jọ́ lórí díẹ̀, tí ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Agbára bátìrì ni, sà. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dín kù."

"Ó ń kí ni?"

"Ó ń dín kù, sà. Gbogbo bátìrì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa dín kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń wá."

"Lábẹ́ àkóso mi? Nǹkan ń dín kù lábẹ́ àkóso mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi alára ń dín kù. Orúnkún mi ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Orúnkún tìẹ nìyẹn!" Baba Ìmọ́lẹ̀ yíjú sí gbogbo yàrá, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ súre. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìmọ́lẹ̀! Mo rí ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì lójú ẹ̀rọ yìí! Mo rí ọ̀tẹ̀! Ṣé nítorí ká máa sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ṣe yàn mí? Láti òní lọ, kò gbọdọ̀ sí ìlà kan nínú ọgbà yìí tí yóò máa rẹlẹ̀. Ìlà tó bá wù ú láti rẹlẹ̀, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó dorí àwòrán kodò, ìlà wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gun òkè lọ.

"Áà!" ni Baba Ìmọ́lẹ̀ wí. "Ìgbà yìí ló tó ṣe é dáadáa."

Báyìí ni ó ṣe lọ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti rí bátìrì tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gbó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ó tún fi àṣẹ kan lẹ̀ mọ́ ara àtẹ̀gùn: ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ojú rẹ̀ lè máa wòkè. Atẹ̀wé ilé iṣẹ́ náà fi ẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, èmi ì bá ti rẹ́rìn-ín tèmi, n ì bá sì ti fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n òkè kan wà ní ìlú náà, ilé ìwòsàn sì wà lórí òkè yẹn. Àwọn ọkọ̀ aláìsàn tí wọ́n ń lò ti gbó, èéfín wọn dúdú, wọ́n sì máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìjọba wá ní kí wọ́n fi ọkọ̀ oníná rọ́pò gbogbo wọn, kí ilé iṣẹ́ Baba Ìmọ́lẹ̀ sì ṣe bátìrì oníyọ̀ tí yóò máa gbé wọn gòkè.

Oníṣirò fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ṣe é. Ó kọ́ òkè náà sínú kọ̀ǹpútà, ó kọ́ oòrùn ọ̀sán sí i, ó sì kó àwọn èèyàn sínú ọkọ̀. Nígbà tí Baba Ìmọ́lẹ̀ dé, ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ.

"Kí ni gegele yìí?"

"Òkè ilé ìwòsàn ni, sà."

"Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Èèyàn ni, sà. Awakọ̀, nọ́ọ̀sì, aláìsàn, àti ẹbí aláìsàn."

"Kí ló dé tí ìlà fi wó lulẹ̀ níbí?"

"Mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, sà, bí aláìsàn náà bá jẹ́ ẹni tó... ẹni tó lára díẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé Baba Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ ìpàdé, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èmi kì í fi ara ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọlọ́run tó dá pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dá gbẹ̀ǹgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ láyé, òun ni wọ́n fi ń bá wí.

"O fi mí sínú ọkọ̀ aláìsàn," ni ó wí.

"Rárá o, sà! Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹnikẹ́ni ni."

"Ẹnikẹ́ni tó lára! Ta ló tún lára níbí? Yọ wọ́n kúrò!"

"Àwọn wo, sà?"

"Gbogbo wọn! N kò fẹ́ rí èèyàn kankan nínú ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Awakọ̀ ńkọ́, sà?"

"Òun ni kó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀."

"Sà, ta ni yóò wa ọkọ̀?"

"Ìran tí mo rí ni yóò máa wà á! Òkè yẹn náà, ó ń rí mi fín. Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akọ̀wé wí. "Mo ti ń wo òkè yẹn láti àná, ìgbéraga rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Oníṣirò wo ojú wọn. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ó yọ awakọ̀. Ó yọ nọ́ọ̀sì. Ó yọ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ó tẹ́ òkè pẹrẹsẹ. Kọ̀ǹpútà ro ó pọ̀, ó sì dáhùn pé bátìrì kékeré bíńtín ti tó. Àbí kí lo fẹ́ kí ó sọ? Ọkọ̀ òfìfo lórí ilẹ̀ títẹ́jú! Baba Ìmọ́lẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe bátìrì bíńtín náà kíá, kí wọ́n sì tì í sínú gbogbo ọkọ̀ aláìsàn ìlú lẹ́yìn ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ wọn.

Wàyí o, Oníṣirò ní àbúrò kan, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ́nu bí abẹ. Awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ó jókòó ti tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì láìbu omi mu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yí i po fún mi o. Ọkọ̀ yín tuntun yìí, ṣé á gun òkè àbí kò ní gùn ún?"

"Á gùn ún."

"Ẹ ṣé o."

"Bí kò bá sí ẹnìkankan nínú ẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ dẹ́kun jíjẹ. "Ẹ dákun, kí ni iṣẹ́ ọkọ̀ aláìsàn?"

"Kó máa gbé aláìsàn."

"Èmi tí mò ń wà á wá ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ẹ́ rí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, omi ojú yẹn kò tán, ẹ̀rín ló tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí jẹ́ẹ́jẹ́, "lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé obìnrin kan tó ń rọbí. Ọwọ́ ẹ̀ di ẹ̀yìn ìjókòó mi mú gírígírí. Tí mọ́tò bá ti gbọ̀n báyìí, á ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ti dé?' Mo ní, 'A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ìyàwó.' Tó bá jẹ́ ọkọ̀ yín yìí, tó wá dúró sáàárín òkè, kí ni kí n sọ fún un?"

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ tán, Oníṣirò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ìyẹn jókòó lé. Kò gbàdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa, mo ti fi ọwọ́ mi yọ wọ́n kúrò. Fún mi lẹ́nu tí n ó fi sọ ọ́." Àdúrà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ àwọn gígùn tí kò dé àjà ilé.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Baba Ìmọ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà dúró níwájú dígí, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ bí yóò ṣe máa dá àwọn èrò lẹ́kun àtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Akọ̀wé ló ń ṣe èrò.

"Sà, mo wá bẹ̀bẹ̀."

"Ó yẹ ọ́. Máa bẹ̀ lọ."

"Bátìrì yẹn ò ní gun òkè, sà. Kọ̀ǹpútà ò parọ́, àwa la parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká dá àwọn èèyàn padà sínú ìṣirò. Bí ìyẹn bá sì ṣòro, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn tí ara wọn dá gùn ún wò ná, ká tó gbé ẹni tó ń kú lọ sínú ẹ̀."

"Àwọn tí ara wọn dá! Bí ta ni?"

Akọ̀wé ti fò dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Baba! Ta ló tún yẹ kó kọ́kọ́ jókòó sínú iṣẹ́ ọwọ́ Baba bí kò ṣe Baba? Kí Mínísítà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ dúró lórí òkè, kí ẹ máa gòkè bọ̀ bí oòrùn àárọ̀!"

Ojú Baba Ìmọ́lẹ̀ dán. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, dígí náà sì gbà.

"Sà," ni Oníṣirò wí, "mò ń sọ ọ́ lójú yín báyìí, ọkọ̀ yẹn á dúró lọ́nà."

"Ìwọ obìnrin yìí, bí òkè bá rí mi, òun ni yóò tẹrí ba."

Ṣé o gbọ́? Wọ́n kìlọ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kò dẹkùn fún un, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ kòtò dè é. Òtítọ́ wọlé wá bá a, ó kúnlẹ̀, ó pè é ní sà, Baba Ìmọ́lẹ̀ sì lé e jáde.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n fi òdòdó wé ọkọ̀ náà bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ní orí òkè, Mínísítà ti dúró, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, pẹ̀lú àwọn dókítà, àwọn onífèrè, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti wá pàtẹ́wọ́. Oníṣirò wà láàárín wọn. Ní ìsàlẹ̀, Baba Ìmọ́lẹ̀ ń wọkọ̀. Ó ní òun kò lè jókòó sórí ibùsùn aláìsàn, nítorí náà wọ́n gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ wọlé, àga onígi tí apá rẹ̀ rí bí apá kìnnìún. Wọ́n gbé ère orí rẹ̀ wọlé, òkúta gidi, tí Mínísítà máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Akọ̀wé wọlé. Ayàwòrán wọlé. Ẹni tí ń fi gbohùngbohùn ké orúkọ Baba Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ ara ọkọ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù dé òpin, wọ́n tan fèrè orí ọkọ̀ dé òpin.

Àbúrò Oníṣirò ló jókòó sídìí ọkọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ kú ìjókòó o, sà. Ṣé gbogbo yín náà lẹ̀ ń lọ?"

"Wa ọkọ̀!"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà. Kọ̀ǹpútà ní kò sẹ́nì kankan níbí."

Ilẹ̀ títẹ́jú kò fún wọn ní wàhálà. "Ẹ wò ó, ó ń lọ bí omi!" ni Akọ̀wé ń pariwo. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ọkọ̀ ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ìyá àgbà kan tí ó gbé báàgì dání fi bá wọn, tí ó sì ń kọjá wọn lọ. Ó bojú wo inú ọkọ̀ pẹ̀lú àánú.

"Ẹ kú àmójúkúrò o. Ṣé òkú lẹ gbé ni, tí ẹ fi ń rọra lọ báyìí?"

"Kí ló dé tí a ò sáré?" ni Baba Ìmọ́lẹ̀ bi Akọ̀wé.

"Ọkọ̀ náà ń rọra ni, sà, ó ń bọ̀wọ̀ fún yín."

Ọkọ̀ bọ̀wọ̀ títí, ó dúró. Fèrè orí rẹ̀ ké bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn mú, ó dákẹ́. Atẹ́gùn tútù kú. Ooru wọlé.

"Kí ló tún dé tí a dúró?"

"Kí àwọn ará ìlú lè rí yín dáadáa ni, sà."

Awakọ̀ ti fa bíréèkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi òkúta ti táyà lẹ́yìn. Ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹrù ti pọ̀ jù fún un, sà. Ẹ jẹ́ ká dín in kù."

Wọ́n pa fèrè àti amúlétutù. Wọ́n sọ ẹni tó ń ké orúkọ kalẹ̀, orúkọ náà sì dákẹ́. Awakọ̀ gbìyànjú, ọkọ̀ kàn gbọ̀n ni. Wọ́n sọ ayàwòrán kalẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ sọ ère kalẹ̀, Baba Ìmọ́lẹ̀ ní láéláé, Akọ̀wé ni kó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akọ̀wé wí, ó sì jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn máa korò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ère náà sí etí ọ̀nà, tí ó dojú kọ gọ́tà. Ọkọ̀ gbọ̀n, kò lọ.

"Sà," ni awakọ̀ wí, "ó ku ẹyọ kan."

"Èwo?"

"Èyí tó tóbi jù nínú wọn, sà."

Baba Ìmọ́lẹ̀ di apá kìnnìún méjèèjì mú. Òógùn ń ṣàn ní ojú rẹ̀. Ó gbé ohùn tí ó fi ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ sókè, ó dojú kọ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí bátìrì wà. "Ìwọ bátìrì! Èmi Orísun Agbára Tí Kì í Tán ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀! Mo pàṣẹ fún ọ, dìde kí o máa lọ!"

Iyọ̀ kò dáhùn. Irin kò mira. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀, ẹni tí ó dá wọn, kì í sì í ṣe òun ni ó ń làágùn nínú ọkọ̀ yẹn.

Ooru ló lé e jáde nígbẹ̀yìn. Ó bọ́ sílẹ̀ tòun tàga. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ọkọ̀, ọkọ̀ náà gbé ara sókè bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Awakọ̀ tẹ iná. Wẹ́rẹ́, ọkọ̀ ń lọ!

"Dúró! Dúró dè mí!"

"Tí mo bá dúró, á tún kú, sà!" ni ó kígbe padà, ó sì gun òkè lọ.

Lórí òkè, wọ́n rí ọkọ̀ olódòdó tí ó yọ. Àwọn onífèrè fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fọn ún. Àtẹ́wọ́ sọ. Dókítà àgbà sáré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹrí ba dé ilẹ̀, kò sì sí ẹnìkan níbẹ̀. Àwọn onífèrè ṣì ń fọn ún fún ọkọ̀ òfìfo náà, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń yọ fèrè lẹ́nu. Mínísítà ki orí bọ inú ọkọ̀.

"Ọ̀gá yín dà?"

"Wọ́n wà nísàlẹ̀, mà," ni awakọ̀ wí. "Ọkọ̀ yìí kì í gun òkè tí èèyàn bá wà nínú ẹ̀."

"Irú ọkọ̀ aláìsàn wo nìyẹn? Ta ló ṣe é?"

Ibi tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ wà ni ohùn ti jáde. "Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀, mà," ni Oníṣirò wí, ó bọ́ síwájú. "A ní kó rò ó bí ẹni pé kò sí òkè, kò sí èèyàn. Ọkọ̀ òfìfo la béèrè, ọkọ̀ òfìfo ló dé ọ̀dọ̀ yín yìí. Wọ́n ní kí n yọ àwọn èèyàn, mo sì yọ wọ́n. N kò tún ní yọ wọ́n mọ́, kódà bí wọ́n bá lé mi."

Ìgbà náà ni Akọ̀wé dé, òógùn bò ó. Ó ti fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Mínísítà yíjú sí i.

"Ṣé ọ̀gá rẹ ló pàṣẹ yìí?"

"Ọ̀gá wo, mà? Mo kàn máa ń bá wọn di báàgì mú ni."

"Wọ́n ní ìwọ lò ń kígbe ní àràárọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé."

"Iná ni mo rò pé ó dé, mà."

Baba Ìmọ́lẹ̀ yọ. Bàtà rẹ̀ kan ti sọnù. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ níwájú dígí, láti dá àwọn èrò lẹ́kun àtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Ó ya ẹnu, "hẹ̀ẹ̀" nìkan ló jáde. Àwọn dókítà sáré tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n sì tì í wọlé. Òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ tuntun náà kò gbé dé ilé ìwòsàn.

Ara rẹ̀ yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò yá. Mínísítà kò sọ ọ̀rọ̀ gígùn: ó ní kó máa lọ sílé, kí Oníṣirò sì máa darí ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Oníṣirò ti gbé ẹsẹ̀ wọlé, Akọ̀wé ti dúró, ó fi ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

"Ìmọ́lẹ̀ ti dé!"

"Pa iná yẹn," ni Oníṣirò wí. "Ojúmọ́ ti mọ́."

Wọ́n kó àmì ẹ̀yẹ jáde kúrò nínú àpótí ooru, wọ́n dá bátìrì padà síbẹ̀. Atẹ̀wé ya ìwé ara àtẹ̀gùn, ó sì kọjú síwájú rìn sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ èèyàn. Wọ́n dá òkè padà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá oòrùn padà. Wọ́n dá awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì padà, àti aláìsàn tó lára, àti ìyá aláìsàn tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, inú gbogbo wọn sì dùn sí i. Bátìrì tó jáde tóbi, iyọ̀ àti irin ni, ó sì gbé èèyàn.

Ère yẹn kò kúrò ní etí ọ̀nà. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù gòkè ló ń fi í ti táyà bí ó bá rẹ̀ wọ́n. Ó wúlò nígbẹ̀yìn. Ẹni tó ni orí náà, wọ́n ní àárọ̀ tí ó bá jí, yóò jókòó sínú òkùnkùn yàrá rẹ̀, yóò máa retí ẹni tí yóò kígbe. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wá ṣí fèrèsé.

Àbúrò Oníṣirò sì gbé obìnrin mìíràn tó ń rọbí. Ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọwọ́ di ẹ̀yìn ìjókòó mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ti dé?"

"A ti dé, ìyàwó. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí yẹn."

Ó yá, ìwọ tí mo ní kí o dúró. Má kàn rẹ́rìn-ín Baba Ìmọ́lẹ̀ kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Ìwọ náà ní ọ́fíìsì, tàbí ṣọ́ọ̀bù, tàbí ilé tí o ti ń pàṣẹ. Ẹnìkan wà tí o ti yọ kúrò nínú ìṣirò rẹ, nítorí pé wíwà rẹ̀ ń jẹ́ kí ìlà rẹ rẹlẹ̀: òṣìṣẹ́ tó sọ òótọ́ fún ọ, ìyàwó tó ní ó ti rẹ òun, òbí tí ó wúwo lọ́wọ́ rẹ. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run tó dá ọ, yí padà. Dìde báyìí, kí o tó ti ìwé yìí, lọ pe ẹni náà padà wọlé, kí o sì fún un ní àyè nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òkè kò jìnnà sí ọ mọ́.